Òògùn Olóró Láàárín Àwọn Ọ̀dọ́ Òkè-Ògùn: Ohun Tí Ilé Bá Fi Pamọ́, Orílẹ̀-Èdè Ni Yóò San Gbèsè Rẹ̀

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìṣòro àwọn ọ̀dọ́ ní orílẹ̀-èdè wa, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lẹ́nu ni olè jíjà, ẹgbẹ́ òkùnkùn, jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì àti ìwákúwàá owó òjijì. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tó máa ń fara pamọ́ sídìí púpọ̀ nínú wọn, tí a kì í fẹ́ dárúkọ rẹ̀ bó bá ti kan ilé tiwa. Ìyẹn ni òògùn olóró: igbó, Tramadol, òògùn ikọ́ tó ní kodíìnì nínú, àti àwọn àdàlù tí àwọn ọ̀dọ́ ń fún ní orúkọ oríṣiríṣi.

A kò kọ ọ̀rọ̀ yìí láti fi bú àwọn ọmọ wa. A kọ ọ́ kí òbí, ọ̀gá iṣẹ́, ààfáà àti olórí àdúgbò lè mọ bí nǹkan yìí ṣe ń wọlé, ohun tó ń ṣe nínú ara, ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ìlú, àti ohun tí a lè ṣe kí ọ̀rọ̀ tó bọ́ sórí.

Bí ìṣòro náà ṣe tóbi tó

Ìwádìí ńlá kan wà tí Àjọ Ìṣirò Orílẹ̀-Èdè Nàìjíríà (NBS) àti UNODC, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń gbógun ti òògùn olóró àti ìwà ọ̀daràn, ṣe káàkiri gbogbo ìpínlẹ̀. Ìwádìí ọdún 2018 ni wọ́n ń pè é. Wọ́n rí i pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn, láti ọmọ ọdún 15 títí dé 64, ló lo òògùn olóró láàárín ọdún kan ṣoṣo. Nínú ènìyàn méje, ẹnìkan ni. Wọn kò sì ka ọtí àti sìgá mọ́ ọn. Bí a bá fi wé gbogbo àgbáyé, ìdá 5.6 nínú ọgọ́rùn-ún ni ti àgbáyé nígbà náà. Ti Nàìjíríà jẹ́ 14.4.

Èyí tó kàn yìí ló yẹ kí àwa ọmọ Yorùbá gbọ́ dáadáa. Nínú gbogbo agbègbè mẹ́fà tó wà ní Nàìjíríà, gúúsù ìwọ̀-oòrùn tiwa yìí ni ìlò òògùn olóró ti pọ̀ jù, ìdá 22.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìpínlẹ̀ Èkó jẹ́ 33. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ jẹ́ 23, ìyẹn ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹnìkan nínú ènìyàn mẹ́rin. Àwọn tó wà láàárín ọmọ ọdún 25 sí 39 ni wọ́n ń lò ó jù, ọjọ́ orí tó yẹ kí ènìyàn máa fi kọ́lé, kí ó máa fi tọ́ ọmọ, kí ó sì máa fi tọ́jú òbí. Ẹ má sì rò pé ọmọkùnrin nìkan ni: nínú ẹni mẹ́rin tó ń lò ó, obìnrin ni ẹnìkan.

Àwọn kan lè sọ pé ti Ìbàdàn àti ìlú ńlá ni ìyẹn, pé abúlé kò mọ irú rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tó gbà ń wọ ìlú àgbẹ̀ ló yàtọ̀.

Bó ṣe ń wọ ìlú àgbẹ̀

Ìlérò wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Kájọlà, tí ìjókòó rẹ̀ wà ní Òkèhò. Ọ̀kan ni Kájọlà jẹ́ nínú ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá tó wà ní Òkè-Ògùn. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni ilẹ̀ wa, iṣẹ́ àgbẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe: iṣu, àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ọkà bàbà, ẹ̀gúsí. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé Òkè-Ògùn ni apẹ̀rẹ̀ oúnjẹ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Ẹni tó bá ti kọ ebè lórí ilẹ̀ ọ̀dàn rí mọ̀ pé iṣẹ́ náà kì í ṣe eré. Oòrùn mú, ilẹ̀ le, ẹ̀yìn a sì máa ro. Ọ̀dọ́ tó ń ṣe lébìrà, iye ebè tó bá kọ ni wọ́n máa fi san owó fún un. Bí ó bá lè kọ púpọ̀ sí i, owó rẹ̀ á pọ̀ sí i. Ibẹ̀ gan-an ni Tramadol ti ń wọlé. Kò wọlé láti ibi àríyá. Láti ibi iṣẹ́ ló ti wọlé. Ọ̀rẹ́ kan á na hóró òògùn kan sí i, á ní, "Lo èyí, kò ní rẹ̀ ọ́." Bákan náà ló rí fún ọlọ́kadà tó ń gbé èrò láti òwúrọ̀ dalẹ́, fún ẹni tó ń la igi, fún ẹni tó ń po sìmẹ́ńtì, àti fún ẹni tó ń fi alùpùpù gbé ẹrù lóru. Ọ̀pọ̀ wọn kò gbà pé òògùn olóró ni àwọn ń lò. Òògùn ara ríro ni wọ́n ń pè é.

Ohun tí Tramadol ń ṣe nínú ara

Ilé iṣẹ́ kan ní Jámánì ló ṣe Tramadol, òun ló sì gbé e jáde fún títà ní ọdún 1977, fún ìrora tó lágbára, bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ. Nígbà tí dókítà bá kọ ọ́ fún aláìsàn, mílígírámù 50 tàbí 100 ló sábà máa ń jẹ́, àpapọ̀ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju 400 lọ lójúmọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń tà lábẹ́lẹ̀ máa ń jẹ́ 200, 225 tàbí 250. Ẹni tó bá lo hóró 225 méjì ti kọjá ààlà ọjọ́ kan láì mọ̀.

Inú ọpọlọ ni òògùn yìí ti ń ṣiṣẹ́. Ó ń dí ọ̀nà tí ọpọlọ fi ń mọ ìrora, ó sì ń mú kí inú ènìyàn dùn fún ìgbà díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn: àárẹ̀ kò kúrò lára ẹni tó lò ó, ohun tó kúrò ni mímọ̀ pé ó rẹ òun. Iṣan ṣì ń ṣiṣẹ́ ju agbára rẹ̀ lọ, ọkàn ṣì ń sáré, ṣùgbọ́n agogo tó yẹ kó dún pé "dúró, sinmi" ni wọ́n ti pa lẹ́nu mọ́.

Bó bá ṣe díẹ̀, ẹyọ kan kò ní ràn án mọ́, á di méjì, á di mẹ́ta. Lọ́jọ́ tí kò bá rí i lò, òógùn á bò ó, inú á máa run ún, ara á máa já a jẹ, oorun á dá lójú rẹ̀. Nígbà náà kò lò ó nítorí iṣẹ́ mọ́. Ó ń lò ó kí ara má bàa ni ín lára. Ìyẹn ni à ń pè ní bárakú. Bó bá pọ̀ jù, gìrì lè mú ènìyàn, èémí sì lè dínkù títí yóò fi dákẹ́. Bí a bá fi ọtí lé e, ewu náà di ìlọ́po.

Igbó náà kò kéré. Ìwádìí tí a mẹ́nu bà sọ pé òun ni wọ́n ń lò jù ní Nàìjíríà, nǹkan bíi mílíọ̀nù 10.6 ènìyàn, ọ̀pọ̀ wọn sì bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọmọ ọdún 19. Ọpọlọ ọmọ ọdún 19 kò tíì gbó tán. Ohun tí a bá dà sí i nígbà náà a máa pẹ́ níbẹ̀.

Ohun márùn-ún tó ń bà jẹ́

Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn wa, tí Imaamu Gàsálí tó kú ní ọdún 1111 jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ṣàlàyé pé ohun márùn-ún ni òfin Ìsìláàmù wá láti dáàbò bò: ẹ̀sìn, ẹ̀mí, làákàyè, ìran àti dúkìá. Bí a bá wò ó, òògùn olóró kò fi ọ̀kan sílẹ̀ nínú máràrùn-ún. Làákàyè ló kọ́kọ́ ń lọ. Dúkìá tẹ̀lé e: fóònù á sọnù, àpò àgbàdo á dínkù nínú àká, alùpùpù tí bàbá rà á di títà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìrun á di ohun tí kò rántí mọ́. Ìyàwó á kó lọ, àwọn ọmọ á di ti ìyá àgbà. Ẹ̀mí ló máa ń kẹ́yìn.

Nítorí èyí ni ìdájọ́ ọtí fi kan ohunkóhun tó bá ń pa làákàyè, ìbáà jẹ́ èéfín, ìbáà jẹ́ hóró, ìbáà jẹ́ omi. Ẹni tí dókítà kọ òògùn ìrora fún nítorí àìsàn, òun kọ́ ni à ń bá wí. Ẹni tó ní "kì í ṣe ọtí ni mo mu, òògùn ni mo lò" ló ń tan ara rẹ̀ jẹ.

Báwo ni hóró òògùn kan ní Ìlérò ṣe kan Nàìjíríà?

Àkọ́kọ́, oúnjẹ. Iṣu àti àgbàdo tó ń kúrò ní Òkè-Ògùn ni wọ́n ń jẹ ní Ìbàdàn àti Èkó. Ọwọ́ ọ̀dọ́ ló ń gbìn ín. Bí ara ọ̀dọ́ náà bá ti gbó ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún, oko á kéré sí i, ẹni tó ń ra oúnjẹ lọ́jà Bódìjà yóò sì san owó rẹ̀ láì mọ ìdí.

Ìkejì, iṣẹ́ ọwọ́. Aṣọ òkè tí wọ́n fi mọ Ìsẹ́yìn káàkiri ayé, sùúrù ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni mẹkáníìkì, iṣẹ́ káfíńtà àti aṣọ rírán. Ẹni tí òògùn ti di bárakú fún kò lè dúró ti ọ̀gá fún ọdún mẹ́ta. Kò ní gba fíríídọ̀ọ̀mù, kò sì ní ní ọmọṣẹ́ tirẹ̀. Iṣẹ́ tó yẹ kí ó kọ́ ẹlòmíràn yóò kú sí i lọ́wọ́.

Ìkẹta, ààbò. Ẹni tó gbọ́dọ̀ rí owó òògùn lójoojúmọ́, owó pọ́ọ́kú ni wọ́n máa fi rà á. Olóṣèlú tó ń wá jàǹdùkú lásìkò ìdìbò mọ ibi tí yóò ti rí i. Olè tó ń wá ẹni tí yóò bá a ṣọ́ ọ̀nà náà mọ ibẹ̀.

Ìkẹrin, ọjọ́ ọ̀la. Bí ìdajì àwọn ọmọ Nàìjíríà ni kò tíì pé ogún ọdún. Àwọn ni orílẹ̀-èdè gbójú lé. Ìwádìí kan náà sọ pé nínú ẹni márùn-ún tó ń lo òògùn olóró, ẹnìkan ti wọ inú rẹ̀ débi pé ó nílò ìtọ́jú. Nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta nìyẹn. Kì í ṣe wọn nìkan ló ń jìyà rẹ̀. Olúkúlùkù wọn ní ìyá, ní aya tàbí ọkọ, ní ọmọ.

Òfin nìkan kò tó

Ìjọba kò jókòó lásán. Láti ọdún 1989 ni àjọ NDLEA ti wà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2018, lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ ìròyìn BBC gbé ìwádìí kan jáde, ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe òògùn ikọ́ oníkodíìnì àti kíkó o wọ orílẹ̀-èdè wa. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ní oṣù kejì ọdún 2025, ìwádìí mìíràn láti ọ̀dọ̀ BBC kan náà fi hàn pé ilé iṣẹ́ kan ní Íńdíà ń po òògùn ìrora tó lágbára pọ̀ mọ́ òògùn tó ń dẹ iṣan ara, wọ́n sì ń tà á ní Nàìjíríà, Gánà àti Kọtidifúà. Íńdíà fòfin de ìyẹn náà. Bí wọ́n ṣe ń dí ihò kan ni òmíràn ń là. Níwọ̀n ìgbà tí ẹni tó fẹ́ rà á bá ṣì wà, ẹni tó máa tà á kò ní tán. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ fi kù sí ọwọ́ ilé.

Àṣìṣe méjì tí ilé ń ṣe

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni ìpamọ́. Ìyá á rí ike òògùn lábẹ́ ìrọ̀rí, á jù ú nù, á dákẹ́, nítorí kí bàbá má bàa gbọ́. Bàbá á gbọ́, á dákẹ́, nítorí kí àdúgbò má bàa gbọ́. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, tí a kò tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ọdún tí a fi pa á mọ́ ni ọdún tó rọrùn jù láti wò ó sàn.

Àṣìṣe kejì ni ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá wá bọ́ sórí, ẹbí á wá ibi tí wọn yóò ti ọmọ náà mọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá yọ ènìyàn 259 kúrò nínú ọgbà kan ní Òjòó, ní Ìbàdàn, tí wọ́n ní ó jẹ́ ibi ìtúnwàṣe nínú ẹ̀sìn. Ẹbí àwọn kan fúnra wọn ló mú wọn lọ síbẹ̀. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwa Mùsùlùmí nìkan ni irú rẹ̀ wà. Ní oṣù kan náà, àjọ Human Rights Watch ròyìn pé wọ́n ń de ènìyàn mọ́lẹ̀ ní ilé oníṣègùn ìbílẹ̀ àti ní ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ti ẹlòmíràn kò sọ tiwa di rere. Wàásù dára, àdúà dára, Kùránì jẹ́ ìwòsàn fún ọkàn. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kì í ṣe ìkankan nínú wọn. Bárakú jẹ́ àìsàn tó ń fẹ́ ìtọ́jú, bí ìtọ́ ṣúgà ṣe ń fẹ́ ìtọ́jú.

Ọ̀nà tó sàn jù ti wà nílẹ̀ wa tipẹ́

Ọmọ Abẹ́òkúta ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lámbò. Ní ọdún 1954, nígbà tí ó gba iṣẹ́ ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Àrò, ilé ìwòsàn náà kò tíì parí. Kò torí ìyẹn dá àwọn aláìsàn padà. Ó bá àwọn baálẹ̀ abúlé tó wà nítòsí sọ̀rọ̀, kí àwọn aláìsàn máa gbé láàárín àwọn ará abúlé, kí ìbátan kọ̀ọ̀kan sì bá aláìsàn tirẹ̀ wá. Lójú mọmọ, wọ́n á lọ gba ìtọ́jú. Lẹ́yìn náà, wọ́n á padà sí àárín ènìyàn, wọ́n á bá wọn ṣiṣẹ́, wọ́n á bá wọn jẹun. Gbogbo àgbáyé ló wá kọ́ ọgbọ́n náà lọ́dọ̀ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé dókítà ń wo ara, ẹbí ni wọ́n sì ń dá ènìyàn padà sí ipò ènìyàn. Ilé ìwòsàn Àrò ṣì wà títí dòní, ó sì ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú àwọn tí òògùn ti di bárakú fún. UCH ní Ìbàdàn náà ní àwọn oníṣègùn ọpọlọ.

Ohun tó yẹ kí a ṣe

Ẹ̀yin òbí, ẹ máa béèrè owó. Bí ọmọ bá mú owó tó ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ wálé, ẹ béèrè ibi tó ti wá. Bí owó iṣẹ́ rẹ̀ kì í bá dé ilé, ẹ béèrè ibi tó ń gbà lọ. Ẹ máa wo oorun rẹ̀, ẹyinjú rẹ̀, bó ṣe ń jẹun, àti àwọn ọ̀rẹ́ tó kọ̀ láti mú wálé.

Bí ẹ bá rí i, ẹ má fi ìlù tàbí ìlénijáde bẹ̀rẹ̀. Bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọ̀tún là á fi fà á mọ́ra. Ẹ jókòó tì í, ẹ bi í ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ àti ìdí tó fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì ní kí ẹni tó ti lò ó pẹ́ já a sílẹ̀ lójijì nínú yàrá. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. NDLEA ní nọ́ńbà ọ̀fẹ́ tí ẹbí lè pè fún ìmọ̀ràn nígbàkigbà: 080010203040.

Ẹ̀yin ọ̀gá iṣẹ́ àti olóko ńlá, ẹ má gbé iṣẹ́ tí ara ènìyàn kò lè ṣe lé ọ̀dọ́ lọ́rùn, ẹ má sì fún lébìrà ní hóró òògùn kí iṣẹ́ lè yá. Oko tí a fi òògùn ro kò ní àlùbáríkà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta kẹ́míìsì, ẹ mọ ohun tí ẹ ń tà àti ẹni tí ẹ ń tà á fún.

Ẹ̀yin ààfáà wa, ẹ dárúkọ Tramadol lórí mínbárì, ẹ má fi mọ sórí ọtí nìkan, nítorí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí kò fẹnu kan ọtí rí ló ń lò ó. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ àsàláátù, bí a ṣe ń dá owó fún wòlímọ̀, ẹ jẹ́ kí a máa dá díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ọkọ̀ àti ìtọ́jú ọmọ ẹni tí kò lówó, nítorí láti Ìlérò, Àrò àti UCH kò sí nítòsí. Ìwádìí ọdún 2018 sọ pé nínú àwọn tó ti wọ inú rẹ̀ jù, nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ló fẹ́ ìtọ́jú tí wọn kò rí i gbà. Àwọn wọ̀nyí kò kọ ìmọ̀ràn. Ọ̀nà ni wọn kò rí. Kí àwọn aṣòfin wa náà béèrè lọ́wọ́ ìjọba pé kí ilé ìwòsàn tó wà ní Òkè-Ògùn ní ẹni tó mọ̀ nípa bárakú, kí àwọn aláìsàn má máa rìn jìnnà kí wọ́n tó rí i.

Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo Tramadol lóko kò wá ìparun. Iṣẹ́ ló fẹ́ ṣe, owó ló fẹ́ mú wálé. Ìdí nìyẹn tí a kò fi gbọdọ̀ sọ ìrètí nù lórí rẹ̀. Bí ẹ bá mọ ọ̀kan nínú ilé yín tàbí ní àdúgbò yín, ẹ bá a sọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ sì bá a wá ọ̀nà ìtọ́jú. Kí Ọlọ́hun bá wa tún ìran wa ṣe, kí Ó sì fún àwọn ọ̀dọ́ wa ní iṣẹ́ tó ní àlùbáríkà.